Bí A Ṣe Ń Bó Ọ̀rá Tó Ti Gbó Lára Ọkọ̀ Láìba Ọ̀dà Jẹ́

Tòkunbọ̀ mìíràn wà tó jẹ́ pé ẹni tó kọ́kọ́ rà á lókè òkun ti lẹ ọ̀rá kan tó mọ́ gaara mọ́ iwájú bọ́nẹ́ẹ̀tì, bọ́ńpà àti etí ilẹ̀kùn rẹ̀, kí òkúta wẹ́wẹ́ orí títì má baà ha ọ̀dà. Nígbà tí ọ̀rá yìí ṣì tuntun, téèyàn ò bá wò ó dáadáa, kò ní rí i. Àmọ́ tí oòrùn bá ti pa á fún ọdún mélòó kan, á pọ́n rúsúrúsú, á sán, etí rẹ̀ á ká sókè, ìdọ̀tí á sì kó sí i lábẹ́. Ìgbà yẹn ni ẹni tó ra ọkọ̀ máa ń sọ pé kílíà (ọ̀dà tó mọ́ gaara tí wọ́n fi ń bo àwọ̀ ọkọ̀) ti ń bó, tí pẹ́ńtà á sì dá owó lé e láti kun gbogbo iwájú ọkọ̀. Pẹ́ńtà mìíràn mọ̀ pé ọ̀rá ni, kò kàn ní sọ ni.

Nítorí náà, kí ẹ tó náwó, ẹ fi èékánná wá etí ibi tó ń ṣí náà. Etí ọ̀rá máa ń tọ́ gbọnrangandan, ó sì máa ń ga lábẹ́ èékánná, torí ó sábà máa ń nípọn tó máíkírọ́ọ̀nù 150 sí 200 (ẹgbẹ̀rún máíkírọ́ọ̀nù ló wà nínú mìlímítà kan). Kílíà tí ilé iṣẹ́ fi sí ọkọ̀ kì í sábà ju nǹkan bíi 40 sí 50 lọ. Tí kílíà bá ń bó, wẹ́wẹ́ ló máa ń já, etí rẹ̀ á sì rí wúruwùru.

Ẹ tún gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá ọ̀dà tí ọkọ̀ bá wá láti ilé iṣẹ́ ló ṣì wà lára rẹ̀. Inú ààrò ni wọ́n ti yan ìyẹn, ó sì di irin mú dáadáa. Èyí tí wọ́n tún kùn lẹ́yìn ìjàǹbá lè má rí bẹ́ẹ̀, ó lè bá ọ̀rá ṣí. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ wo nọ́ọ̀tì tó dè é mọ́ ọkọ̀: tí sípánà bá ti ha ọ̀dà orí rẹ̀, ẹnì kan ti tú u rí. Ẹ wo rọ́bà etí fèrèsé bóyá ọ̀dà ta sí i. Ẹ gbé mágínẹ́ẹ̀tì lé ara irin. Níbi tí kò bá ti lẹ̀ dáadáa, ó ṣeé ṣe kí bọ́dì fílà, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ń dí ibi tó tẹ̀ wọnú kí wọ́n tó kùn ún, wà níbẹ̀. (Bọ́nẹ́ẹ̀tì alumíníọ́ọ̀mù ò sí nínú èyí o, mágínẹ́ẹ̀tì kì í lẹ̀ mọ́ ọn rárá.) Tí ẹ bá rí irú àmì bẹ́ẹ̀, ẹ ṣì lè ṣe iṣẹ́ náà fúnra yín, àmọ́ igun tí kò hàn síta ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun èlò rẹ̀ kò pọ̀: dúráyà tí àwọn onídìrí fi ń gbẹ irun, káàdì báǹkì tó ti kú, ọṣẹ olómi, kẹrosíìnì díẹ̀, sípíríìtì, àti aṣọ rírọ̀ bíi mẹ́rin tó mọ́. Abẹ àti bíléèdì ò sí níbẹ̀. Ojú gíláàsì ni bíléèdì ti wúlò. Lára ọ̀dà, ojú ọgbẹ́ tó máa dá síbẹ̀ burú ju ọ̀rá tí ẹ fẹ́ yọ lọ.

Ẹ fọ ọkọ̀ náà mọ́ tónítóní lákọ̀ọ́kọ́, pàápàá etí ọ̀rá, kí iyanrìn tó wà níbẹ̀ má baà máa ha ọ̀dà bí ẹ ṣe ń fọwọ́ rà á. Ẹ jẹ́ kó gbẹ.

Ooru ló kàn, òun gan-an ló sì ni iṣẹ́ yìí. Gọ́ọ̀mù tó wà lẹ́yìn ọ̀rá máa ń le tó bá tutù, ó sì máa ń dẹ̀ tó bá gbóná. Ẹ tan dúráyà, ẹ gbé e jìnnà díẹ̀ sí ara ọkọ̀, kí ẹ sì máa gbé e lọ gbé e bọ̀ lórí ibi tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ méjì. Ẹ má dá a dúró sójú kan. Ẹ máa fọwọ́ kàn án: tí ọwọ́ bá lè kàn án ṣùgbọ́n tí kò lè pẹ́ níbẹ̀, ó ti tó. Ìyẹn á jẹ́ nǹkan bí ìwọ̀n 50 sí 60 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì. Ẹ̀rọ ooru ńlá tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ń lò lè gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ìlọ́po ìlọ́po; ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n lò kó fi sílẹ̀, torí ike ni bọ́ńpà, á sì ká kò. Tí wọ́n bá sì mú iná lọ, ẹ ki aṣọ bọ omi gbígbóná, ẹ fún un, kí ẹ tẹ́ ẹ lé orí ọ̀rá fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ó máa ń ṣiṣẹ́, ó kàn ń pẹ́ ni.

Ní báyìí, ẹ fi èékánná tàbí káàdì gbé igun kan sókè. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń bà á jẹ́ rèé: wọ́n á fa ọ̀rá sókè sí àyà ara wọn. Bí ẹ bá fà á sókè báyẹn, ọ̀dà ni ẹ ń fà. Ṣe ni kí ẹ ká a padà sẹ́yìn lórí ara rẹ̀, kó máa sùn mọ́ ara ọkọ̀ bó ṣe ń bọ̀, kí ẹ sì máa fà á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ìbú ìka kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ ó rí i tí gọ́ọ̀mù á máa nà ní ojú ibi tó ti ń já, bí ìgbà tí èèyàn ń fa omi ilá. Tó bá ń nà bẹ́ẹ̀, ooru ti tó. Tó bá ń ta fẹ́ríkẹ́, tí ọ̀rá sì ń já mọ́ yín lọ́wọ́, ó ti tutù. Ẹ dúró, kí ẹ tún fi ooru sí i. Èyí tó ti gbẹ gan-an á máa já wẹ́wẹ́, kò sí oògùn rẹ̀ ju sùúrù lọ.

Tí ẹ bá ṣàdédé rí àwọ̀ ọkọ̀ lẹ́yìn ọ̀rá, ẹ má fà á mọ́. Ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé èyí tó ti ṣí kúrò, kí ẹ sì lọ bá pẹ́ńtà tó mọṣẹ́.

Gọ́ọ̀mù tó bá ṣẹ́kù, kẹrosíìnì la fi ń yọ ọ́. Abẹ́ ibòji ni kí ẹ ti ṣe é, nítorí kẹrosíìnì máa ń tètè gbẹ lórí irin tó gbóná. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò níbi kọ́lọ́fín kan, bí inú ẹnu ilẹ̀kùn. Ẹ rẹ aṣọ sínú rẹ̀ díẹ̀, ẹ gbé e lé gọ́ọ̀mù náà fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ sì fi àtàǹpàkò máa yí i títí á fi di kókó tó ń bọ́ sílẹ̀. Èyí tó bá ṣorí kunkun, ẹ fi aṣọ we káàdì, kí ẹ fi rọra tì í. Ẹ má jẹ́ kí kẹrosíìnì pẹ́ lára rọ́bà àti ike dúdú tí kò ní ọ̀dà. Ọ̀pọ̀ á ní kí ẹ lo bẹntiróòlù tàbí tínà pé wọ́n yára jù. Ẹ má dá wọn lóhùn. Bẹntiróòlù lè gbiná láti ara iná kékeré tí ẹ ò tiẹ̀ rí, tínà sì lè yọ́ ọ̀dà tí wọ́n tún kùn kí gọ́ọ̀mù tó mọ̀ pé wọ́n dé.

Tó bá ti kúrò, ẹ fi ọṣẹ fọ ibẹ̀ kí òróró kẹrosíìnì lọ, kí ẹ wá fi aṣọ tí ẹ ta sípíríìtì díẹ̀ sí nù ún. Láti mọ̀ bóyá gọ́ọ̀mù kankan ṣì wà, ẹ ki ọwọ́ bọ inú ọ̀rá búrẹ́dì, kí ẹ sì fi pa ara ọkọ̀. Ohun tí ìka lásán ò mọ̀, á ṣe gírígírí lábẹ́ ọ̀rá yẹn.

Ó lè jẹ́ pé ìlà kan á ṣì hàn níbi tí ọ̀rá parí sí, torí oòrùn kò rí ibẹ̀ pa tó ìyókù. Lára ọkọ̀ funfun, kì í sábà hàn. Lára pupa àti dúdú, ó máa ń yọjú. Pólíìṣì díẹ̀ lórí fóòmù rírọ̀ á dín in kù. Ẹ má ṣe é léraléra, torí kílíà náà ni pólíìṣì ń jẹ.

Ọ̀rá funfun tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọkọ̀ tuntun kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi, ọ̀nà kan náà la fi ń bó o, àmọ́ kíákíá ni. Ìrìn àjò nìkan ni wọ́n ṣe é fún. Mo mọ̀ pé àwa kan wà tí a kì í fẹ́ yọ ọ̀rá orí àga, débi ti ọkọ̀. Ṣùgbọ́n oòrùn á yan eléyìí mọ́ ọ̀dà.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ẹ lè fi wáàsì pa á. Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ lẹ ọ̀rá tuntun sí i, ẹ má fi wáàsì sí i, torí gọ́ọ̀mù tuntun kò ní dì mọ́ ọn.