Inú tó ń lọ́ mi: bí mebeverine ṣe wá ṣiṣẹ́

Kubwa l'Abuja níbí ni mò ń gbé. Tí mo bá ti jẹun tán báyìí, inú á wú, á máa lọ́ mi, ìgbẹ́ á le lónìí á di ṣíṣàn lọ́la, tí mo bá sì ti yà á tán ara á fúyẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní taifọ́ọ̀dù ni, mo lo oògùn ẹ̀, mo mu àgbo jẹ̀díjẹ̀dí, pàbó.

Dókítà ló wá ṣe tẹ́ẹ̀sì, ó ní IBS ni, ìyẹn ìṣòro ìfun tó máa ń mú inú lọ́ni, tó sì ń da ìgbẹ́ rú. Ó kọ mebeverine 135mg, oògùn tó ń dẹ iṣan ìfun, fún mi, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Ẹni tó tà á kọ "lẹ́yìn oúnjẹ" sára páálí, kò fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́. Mo padà lọ bi dókítà, ó ní rárá o, 20 mínútì ṣáájú oúnjẹ ni, kí n fi omi gbé e mì lódindi, kí n má rún un lẹ́nu. Ibẹ̀ ló ti yí padà!

Ẹ̀gbọ́n mi tiẹ̀ fẹ́ fún mi ní hyoscine tiẹ̀, oògùn inú lílọ́ mìíràn, kí n fi kún un, dókítà ò gbà, torí ìyẹn lè gbẹ èèyàn lẹ́nu, ó sì lè má jẹ́ kéèyàn làágùn dáadáa, ẹ̀yin náà ẹ mọ ooru Abuja lóṣù kẹta.

Ó lè má bá gbogbo èèyàn lára mu ṣá o. Tẹ́ ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ tàbí ẹ kàn ń rù, ọsibítù ni kẹ́ ẹ gbà lọ, ẹ fi kẹ́míìsì sílẹ̀.