Sísọ aṣọ àgbà di ti ọmọdé láìlo abẹ́rẹ́: àwọn àṣìṣe tó ń ba iṣẹ́ jẹ́

Kò sí ilé tí a kò ti ní rí wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́: tí-ṣẹ́ẹ̀tì ìpolongo ìbò, ti ìsìnkú, ti LAUTECH tí ẹni tó ni ín ti jáde tipẹ́. Ẹyọ kan nínú wọn tó gáùn ọmọ ọdún méjì, kò sì ní gba owó télọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá fẹ́ lo abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé aṣọ fúnra rẹ̀ àti kókó tí òun bá ta ni yóò ṣe iṣẹ́ abẹ́rẹ́. Ibi tí a ti ń gbàgbé èyí ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́.

Gígé aṣọ tí kò yẹ ní gígé

Ankara, àdìrẹ, ṣẹ́ẹ̀tì ọlọ́rùn líle àti jíìnsì, òwú wọn gba ara wọn kọjá lóròó àti níbùú bí ẹní. Bí ẹ bá gé e, òwú etí á máa tú níkọ̀ọ̀kan. Kókó tí ẹ bá ta sí irú etí bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ já tí fífọ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀. Ti tí-ṣẹ́ẹ̀tì yàtọ̀: òwú rẹ̀ kọ́ ara wọn lọ́wọ́ bíi ti ṣúwẹ́tà tí a fọwọ́ hun, nítorí náà ó ń fà, bí a bá sì gé e, etí rẹ̀ á kàn ká ni, kò ní tú.

Ẹ dán an wò kí ẹ tó gé e tán. Ẹ gé bíi ìbú ìka kan níbi tí kò hàn, kí ẹ fi ọwọ́ méjèèjì fà á. Tó bá ká bí ewé gbígbẹ, tí òwú kankan kò yọ, ó dára. Tí òwú bá yọ, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìró ankara àtijọ́ ṣì wúlò fún ọmọbìnrin bí ìró kékeré, bí ẹ bá lo etí tí ilé iṣẹ́ ti parí tàbí èyí tí télọ̀ ti ká.

Àwọn kan máa ń fi iná àbẹ́là jó etí aṣọ kó má bàa tú. Ẹ má ṣe é. Òwú á jóná, pọlísítà á yọ́, á sì le gbagidi. Etí líle yẹn ni yóò máa ha ọmọ lábẹ́ abíyá.

Gígé kí a tó fọ̀ ọ́

Aṣọ òwú máa ń súnkì. Ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sá a gbẹ, pàápàá tó bá jẹ́ òkìríkà, kí ẹ tó wọn ohunkóhun.

Gígé lòdì sí ibi tí aṣọ ń fà sí

Tí-ṣẹ́ẹ̀tì máa ń fà níbùú ju lóròó lọ. Ibi tó ń fà yẹn ló gbọ́dọ̀ yí ara ọmọ po. Ẹni tó bá dojú rẹ̀ kọ òkè, orí ọmọ kò ní kọjá, ìsàlẹ̀ gáùn náà á sì máa gùn sí i lójoojúmọ́. Bákan náà ni okùn tí ẹ bá fẹ́ fi so èjìká: ẹ gé e níbùú, kó fẹ̀ tó 2 sí 3 cm, kí ẹ wá fà á dáadáa. Á ká wọnú ara rẹ̀, á di okùn roboto. Èyí tí ẹ bá gé lóròó á wà pẹlẹbẹ, kò sì ní fà.

Wíwọn ọmọ láìfi ti kókó kún un

Èyí ló ń sọ gáùn di aṣọ tí kò wọ̀ mọ́. Ẹ tẹ́ tí-ṣẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, kí ẹ fi gáùn ọmọ tó bá a mu lé e lórí, ìsàlẹ̀ pẹ̀lú ìsàlẹ̀, kí ìsàlẹ̀ tí ilé iṣẹ́ ti rán má bàa ṣòfò. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì yí i po, kí ẹ fi 3 cm kún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan kí ọmọ lè mí, àti 5 cm mìíràn fún kókó. Ẹ gé e, lẹ́yìn náà ni kí ẹ ya ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sí wẹ́wẹ́: ìbú 2 cm, gígùn 5 cm. Ẹ so ti iwájú mọ́ ti ẹ̀yìn, ẹ̀ẹ̀mejì ni kí ẹ ta kókó kọ̀ọ̀kan. Ihò yóò ṣì wà láàárín wọn. Ẹ mú ẹnu kan lára kókó yìí, kí ẹ so ó mọ́ ẹnu kan lára kókó tó tẹ̀ lé e, ihò á dí.

Ẹ má fà á jù, ẹ̀gbẹ́ á súnkì sókè. Ìta ni kí kókó wà, kì í ṣe inú. Ọmọ ọwọ́ tó ń fẹ̀gbẹ́ sùn kò yẹ kó wọ irú èyí rárá. Ẹ wá tí-ṣẹ́ẹ̀tì tó kéré débi tí ẹ kò ní nílò kókó lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ọrùn

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ níbí. Orí ọmọ ọdún kan máa ń tó nǹkan bíi 46 cm yíká, ti ọdún méjì tó 48 cm. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ihò tó fẹ̀ tó 15 cm, kí iwájú jìn díẹ̀ ju ẹ̀yìn lọ. Ẹ wọ̀ ọ́ fún un, kí ẹ tó máa gé 1 cm 1 cm kún un. Ìgbà tí aṣọ bá ń fà, ihò náà á máa tóbi sí i. Ẹni tó gé e tóbi lẹ́ẹ̀kan náà, èjìká ọmọ á máa yọ jáde.

Okùn kò gbọ́dọ̀ wà lọ́rùn. Ìlànà Amẹ́ríkà kò gbà á lọ́rùn aṣọ òtútù ọmọdé tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 2T (ti ọmọ bí ọdún méjì) sí 12, ti Yúróòpù kò sì gbà á fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 7, nítorí okùn tó bá kọ́ nǹkan lè fún ọmọ lọ́rùn pa. Níhìn-ín, ẹ ronú ìlẹ̀kùn, ẹ̀ka máńgòrò, àti táyà ọ̀kadà. Bí ẹ bá fẹ́ so èjìká, kí ẹnu okùn má gùn ju ìka ọwọ́ kan lọ.

Fún síkẹ́ẹ̀tì, ẹ gé 25 cm láti ìsàlẹ̀ tí-ṣẹ́ẹ̀tì, kí ẹ dojú rẹ̀ dé, kí ìsàlẹ̀ tí a ti ká di ìbàdí. Ihò wà nínú rẹ̀ bí ọ̀nà. Ẹ gé ẹnu kékeré síbẹ̀ láti inú nìkan, kí ẹ fi píìnnì fa rọ́bà kọjá, rọ́bà tó fi 3 cm kúrú sí ìbàdí ọmọ. Ẹ so ó, kí ẹ ti kókó rẹ̀ wọnú, kí ẹ yọ píìnnì.

Súpà gúlù

Ẹ má fi lẹ aṣọ òwú. Bó bá kan òwú, ó máa ń gbóná débi tó lè jó ọwọ́, bó bá sì gbẹ, ó le bí páànù. Bọ́tìnnì pólò náà, ẹ yọ ọ́ kúrò tí ọmọ kò bá tíì pé ọdún 3. Ẹnu ni wọ́n ń kó o sí.

Lílọ̀ aṣọ náà

Eṣinṣin kan wà tó ń yé ẹyin sára aṣọ tí a sá síta tí kò tíì gbẹ, ìdin rẹ̀ á sì wọ awọ ara ọmọ. Ayọ́ọ̀nù gbígbóná ló ń pa á, ṣùgbọ́n inú kókó máa ń tutù lẹ́yìn tí ara aṣọ yòókù ti gbẹ. Ẹ fà wọ́n le nígbà tí aṣọ ṣì tutù, nítorí fífọ̀ máa ń tú wọn, kí ẹ tún sá a títí wọn yóò fi gbẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ ayọ́ọ̀nù mọ́ kókó kọ̀ọ̀kan níwájú àti lẹ́yìn, kí ẹ fọwọ́ kàn án bóyá ó gbóná dé inú.