Ẹ̀yìnkùlé tó ṣófo yẹn, ẹ̀fọ́ lè hù níbẹ̀ o

Ẹ wo àárín ilé yín àti fẹ́ǹsì dáadáa. Nínú ọ̀pọ̀ kọmpáàǹdì n'Ìbàdàn, ibẹ̀ ni wọ́n ń kó búlọ́ọ̀kù tó ṣẹ́kù, táyà àtijọ́ àti bọ́kẹ́ẹ̀tì tó ti fọ́ sí, kóríko á wá bo gbogbo ẹ̀, ejò náà á wá rẹ́ǹtì níbẹ̀. Lọ́dún 1976 tí ìjọba Ọbásanjọ́ gbé Operation Feed the Nation dé, ètò tí wọ́n fi ní kí gbogbo èèyàn máa gbin oúnjẹ, iwájú ilé làwọn èèyàn ń gbin nǹkan sí, kì í ṣe nǹkan tuntun rárá.

Oòrùn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Ibi tó bá ń ràn dé bíi wákàtí 6 lójúmọ́ ló dáa, torí lábẹ́ òjìji ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹ̀fọ́ á kàn máa ga láìsanra ni. Ẹ má gbìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣákáwé, ìyẹn ihò tómi ilé ìgbẹ́ ń lọ, ẹ má sì gbìn síbi tí mẹkáníìkì ti ń da ọ́ìlì dúdú tàbí tí wọ́n ti ń tú bátìrì rí, òjé inú bátìrì kì í kúrò nílẹ̀ bọ̀rọ̀, fífọ ẹ̀fọ́ ò sì lè yọ ọ́ tán. Omi gọ́tà ńkọ́? Rárá o.

Tó bá jẹ́ kọnkéré ni wọ́n fi bo ilẹ̀, àpò ìrẹsì ti tó. Ẹ ká ẹnu ẹ̀ dé ìdajì, ẹ lu ihò mélòó kan sídìí ẹ̀ kómi má bàa dúró, ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ sísàlẹ̀, ẹ wá po iyẹ̀pẹ̀ dúdú garawa 2 mọ́ ìgbẹ́ adìyẹ garawa 1. Ẹ má lo ìgbẹ́ tútù o, ó máa ń jó gbòǹgbò, ẹ jẹ́ kó jókòó bí oṣù 3 kó jẹrà dáadáa.

Kóró tẹ̀tẹ̀ kéré gan-an, ẹ pò ó mọ́ yanrìn gbígbẹ kẹ́ ẹ tó fọ́n ọn, bí ọ̀sẹ̀ 4 ẹ ti ń jẹ ẹ́. Ṣọkọ náà rọrùn, bẹ́ ẹ bá gé e á tún rúwé.

Ewédú lèmi jìyà ẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbìn ín, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi ń bomi rin iyẹ̀pẹ̀ lásán, àfìgbà tí ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ kan lọ́jà wa fi mí rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ṣé o kì í rì í bọ omi gbígbóná ni?" Àṣé èèpo kóró ẹ̀ le, omi kì í ráyè wọlé. Ẹ dì í sínú aṣọ fẹ́lẹ́, ẹ rì í bọnú omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó, ẹ ka ení, èjì dórí ẹ̀wá, ẹ yọ ọ́ sómi tútù, kẹ́ ẹ wá sá a lábẹ́ òjìji. Bẹ́ ẹ bá gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀, ẹ ti sè é nìyẹn.

Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni kẹ́ ẹ máa bomi rin ín lásìkò ọyẹ́, àpò máa ń tètè gbẹ. Kòkòrò ò le tó ewúrẹ́ àdúgbò, ẹ fi nẹ́ẹ̀tì yí i ká.

Pulọ́ọ̀tì ilẹ̀ ẹlòmíì tí wọn ò tíì kọ́lé sí náà ṣeé lò, àmọ́ ẹ tọrọ ẹ̀ lọ́wọ́ onílẹ̀, tẹ̀tẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbìn, ẹ má gbin ẹ̀gẹ́, torí lọ́jọ́ tó bá já yanrìn síbẹ̀ kò ní dúró dẹ̀gẹ́ yín.