Bí Mo Ṣe Ń Gé Àtẹ̀jíṣẹ́ Kúrú

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ní Ìbàdàn. Àwọn ọlọ́jà ló pọ̀ jù nínú wa, fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì sì ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò. Àtẹ̀jíṣẹ́ ni mo fi ń kéde fún wọn.

Lọ́dún kan, mo kọ ìkéde gígùn. Mo gbàdúrà, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀, mo ròyìn ìpàdé tó kọjá, ìsàlẹ̀ pátápátá ni mo wá sọ ọjọ́ tí fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó máa parí. Ìyá kan tó ń ta ẹ̀wà kò kà á débẹ̀. Kó tó mọ̀, fọ́ọ̀mù ti tán, owó tó fẹ́ fi ra ọjà ọdún sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó dùn mí gan-an, torí èmi ni mo bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀.

Nísinsìnyí, kí n tó tẹ ohunkóhun, mo máa ń bi ara mi pé: kí ni mo fẹ́ kí ẹni tó gbà á ṣe? Ìdáhùn yẹn ló ń ṣíwájú, pẹ̀lú ọjọ́, aago àti ibi tó wà. Bí ìkéde ọjọ́ náà ṣe yẹ kó rí rèé:

"Ẹ kú ọjà. Fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó á parí ní Jímọ̀, 5 ìrọ̀lẹ́. Ọwọ́ akápò ló wà."

Ẹ wò ó pé mi ò yọ ìkíni. Àwọn kan rò pé kí ọ̀rọ̀ kúrú ni kéèyàn máa pàṣẹ bí ọ̀gá ọlọ́pàá. Rárá o. "Ẹ kú ọjà" ti kí wọn, ó ti mọ iṣẹ́ tí wọ́n wà lẹ́nu ẹ̀, ó sì ti bọ̀wọ̀ fún wọn. Ẹni tó bímọ, "ẹ kú ewu ọmọ." Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, "ẹ kú àráfẹ́rakù," mo dárúkọ olóògbé, mo sọ oore kan tó ṣe mí, mo dákẹ́. Ta ló fẹ́ ka ìwàásù pẹ̀lú omijé lójú?

Ohun tí mo ń gé ni "gẹ́gẹ́ bí gbogbo yín ti mọ̀" àti "mo fẹ́ fi àkókò yìí." Mo tún máa ń kà á sókè, ibi tí èémí mi bá ti tán, mo gé e níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó tún wà níbẹ̀. Àyè 160 fún lẹ́tà, àmì àti àlàfo ni àtẹ̀jíṣẹ́ kan ní, ṣùgbọ́n bí ẹ, ọ tàbí ṣ kan ṣoṣo bá wọ inú rẹ̀, ó di 70, torí wọn kò sí nínú lẹ́tà tí wọ́n fi ṣe é níbẹ̀rẹ̀. Àmì ohùn orí ọ àti ẹ pàápàá ń gba àyè tirẹ̀. Bó bá ti lé, ẹgbẹ́ á san owó àtẹ̀jíṣẹ́ méjì. Mo ka ìkéde òkè yìí: 70 géérégé.

Síbẹ̀, n kì í yọ àmì. Nígbà tí a fẹ́ ro iwájú gbọ̀ngàn, mo ní kí wọ́n mú ọkọ́ wá. Ká ní mo yọ àmì ìkẹyìn yẹn ni, ọkọ ni mo ní kí àwọn ìyá mú wá.

Bí ìgbìmọ̀ bá kọ̀ láti yá ènìyàn lówó, n kì í fi àtẹ̀jíṣẹ́ sọ ọ́ rárá. Mo máa ń lọ bá onítọ̀hún ní ìsọ̀ rẹ̀, a ó jókòó, màá sì ṣàlàyé títí yóò fi yé e.