Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Tí Ẹ Bá Fẹ́ Lọ Pàgọ́ Létí Adágún Lanier

Tí ìdílé Yorùbá tó ń gbé ní Atlanta tàbí àyíká rẹ̀ bá ní àwọn fẹ́ lọ pàgọ́ létí omi lópin ọ̀sẹ̀, oúnjẹ ni wọ́n máa kọ́kọ́ jókòó lé lórí. Ta ló máa se jọ̀lọ́ọ̀fù? Ta ló máa ra ẹran súyà? Kúlà mélòó la máa gbé? Wọn ò tíì mọ ibi tí wọ́n máa sùn, wọ́n ti mọ ẹni tó máa lọ ata. Ibẹ̀ gan-an ni èyí tó pọ̀ jù nínú àṣìṣe tó kù ti ń wá. Ibi tí à ń lọ ló yẹ ká fi bẹ̀rẹ̀: bí wọ́n ṣe ń gba àyè níbẹ̀, bí omi ibẹ̀ ṣe rí, bí ojú ọjọ́ ṣe ń yí padà, àti ohun tí òfin fàyè gbà. Oúnjẹ ò ní ṣaláì débẹ̀, ìyẹn ò ṣòro fún wa rí.

Adágún Lanier ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé, torí pé òun ló sún mọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa ní àríwá Georgia. Kì í ṣe adágún tó ti wà níbẹ̀ láti ìwáṣẹ̀. Ẹ̀ka àwọn ẹnjiníà nínú iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà, ìyẹn Army Corps of Engineers, ló fi dáàmù Buford sé odò Chattahoochee láàárín àwọn ọdún 1950, tí omi fi bo oko, ọ̀nà àti igbó mọ́lẹ̀. Àwọn náà ló ń bójú tó o títí dòní. Ọ̀pọ̀ ibùdó ìpàgọ́ etí omi náà, irú bí Old Federal, Bald Ridge Creek, Sawnee àti Bolding Mill, ìkáwọ́ wọn ló wà, nítorí náà òfin ìjọba àpapọ̀ ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Ẹ má sọ pé "tá a bá débẹ̀ a óò rí àyè"

Orí Recreation.gov ni wọ́n ti ń gba àyè, ó sì máa ń ṣí sílẹ̀ ní oṣù mẹ́fà ṣáájú ọjọ́ tí ẹ fẹ́ débẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lo ọjọ́ òmìnira Amẹ́ríkà, 4 oṣù Keje, létí omi, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kíní ló ti yẹ kó máa wò ó. Bẹ́ẹ̀ náà ni òpin ọ̀sẹ̀ Memorial Day ní ìparí oṣù Karùn-ún àti Labor Day ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án. Ẹni tó dúró di ọ̀sẹ̀ tí iléèwé gba ìsinmi, àwọn àyè tí kò sí lábẹ́ igi tàbí tó jìnnà sí omi ló máa bá, tó bá tiẹ̀ rí ìkankan. Ẹ tún kíyè sí i pé ibùdó míì kì í gba òru kan ṣoṣo lópin ọ̀sẹ̀, àti pé kì í ṣe gbogbo wọn ló ń ṣí nígbà òtútù.

Tí ètò bá yí padà, ẹ tètè fagi lé e. Dọ́là 10 ni wọ́n máa yọ. Ṣùgbọ́n tó bá ti di ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ ìgbàwọlé, tàbí ọjọ́ náà gan-an, owó òru àkọ́kọ́ máa bá a lọ. Ẹni tí kò lọ, tí kò sì fagi lé e, tiẹ̀ tún burú jù, nítorí dọ́là 20 àti owó òru kan ló máa fi jóná. Lọ́wọ́ kejì, bí bàbá tàbí ìyá àgbà bá ń bá yín lọ, tí wọ́n ti pé ọmọ ọdún 62, tí wọ́n sì jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà tàbí tí wọ́n ní gíríìn káàdì, ẹ bá wọn gba káàdì àgbàlagbà tí ìjọba àpapọ̀ ń tà. Ìdajì owó àyè ìpàgọ́ ló máa ń gé kúrò. Ọ̀pọ̀ ìyá àgbà wà láàárín wa tó lẹ́tọ̀ọ́ sí i tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún.

Ẹ má fi àyè ìdílé kan ṣe òwàǹbẹ̀

Àyè kan sábà máa ń gba èèyàn mẹ́jọ, ọkọ̀ náà sì níye. Ojú ewé àyè kọ̀ọ̀kan ni wọ́n kọ ọ́ sí, ẹ kà á kẹ́ ẹ tó sanwó. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé ìdílé kan á gba àyè, wọ́n á fi sí WhatsApp ẹgbẹ́, nígbà tó bá fi máa di ọ̀sán Sátidé, ọkọ̀ ti tò dé ojú ọ̀nà, ọmọdé ti ń gba àárín àgọ́ aládùúgbò kọjá. Réńjà, ìyẹn òṣìṣẹ́ tó ń ṣọ́ ibùdó, á dé, á ní kí àwọn tó lé máa lọ. Ojú á ti onílé, inú á bí àlejò. Bí èrò bá máa pọ̀, àyè ẹgbẹ́ wà, àwọn àtíbàbà olórùlé tó ní tábìlì àti ààrò náà sì wà tí ẹ lè gbà fún ọjọ́ kan. Ẹ jọ jẹun níbẹ̀ lọ́sàn-án, kí àwọn tó gba àyè nìkan padà lọ sùn.

Láti aago mẹ́wàá alẹ́ sí mẹ́fà àárọ̀, òfin ní kí gbogbo ibùdó dákẹ́. Spíkà kékeré tí kò dún rárá nínú pálọ̀ yín, létí omi lóru, ẹni tó wà ní èbúté òdìkejì ń gbọ́ ọ. Fújì dùn, mo fẹ́ràn ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ pa á tó bá ti di aago mẹ́wàá.

Nígbà tẹ́ ẹ bá ń yan àyè, ẹ má fi fọ́tò omi nìkan yàn án. Ṣé ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú? Ṣé àgọ́ ló wà fún, àbí ọkọ̀ ńlá tí wọ́n ń sùn sí? Báwo ló ṣe jìnnà sí ilé ìtọ̀ tó, pàápàá tẹ́ ẹ bá ní ọmọ kékeré? Iná mànàmáná tí wọ́n kọ síbẹ̀ lè jẹ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì 30 tàbí 50 amp tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀, tí pílọ́ọ̀gì ilé yín kò ní wọ̀.

Omi

Níbi yìí ni mo ti fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á.

Àṣìṣe tó ń pa èèyàn ni kéèyàn rò pé etí adágún rí bí ibi ìlúwẹ̀ẹ́ òtẹ́ẹ̀lì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí olùṣọ́ omi tó jókòó sókè tó ń wo àwọn ọmọ yín láwọn etí omi Corps yìí. Àfonífojì àti ẹ̀gbẹ́ òkè ni omi bò, nítorí náà ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ kì í fìgbà gbogbo lọ sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọmọ á máa rìn, omi á dé orúnkún rẹ̀, ìṣísẹ̀ méjì sí i, ilẹ̀ ti tán. Kùkùté igi ṣì wà lábẹ́ omi náà. Omi tún máa ń lọ sókè sódò: nígbà tí adágún bá kún, ojú omi máa ń wà ní 1,071 ẹsẹ̀ bàtà sókè ju ojú òkun lọ, ṣùgbọ́n tí ọ̀dá bá dá tàbí tí wọ́n bá tú omi sílẹ̀ ní dáàmù, ó ń fà sẹ́yìn. Ibi tí ọmọ yín dúró lọ́dún tó kọjá kì í ṣe ibi kan náà lọ́dún yìí.

Àwọn èèyàn máa ń sọ pé iwin wà nínú adágún Lanier, pé omi náà ń gba ẹ̀mí. Ìtàn yẹn gbajúmọ̀ gan-an, àwa náà sì tètè máa ń gba irú rẹ̀ gbọ́. Ohun tó ń bí mi nínú nípa rẹ̀ ni pé ó ń gba ẹ̀bi kúrò lọ́rùn ohun tá a lè ṣe nǹkan sí: ẹni tí kò mọ̀wẹ̀ tó bọ́ sínú omi láìwọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì, ẹni tó ti mutí kó tó wọkọ̀ ojú omi, ọmọdé tí gbogbo àgbà rò pé ẹlòmíì ló ń wò ó.

Ẹ ra láìfù jákẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ tó ra ẹran. Ìwúwo ọmọ ni kẹ́ ẹ fi rà á, ẹ má ra èyí tó máa dàgbà bá. Ẹ wọ̀ ọ́ fún un, ẹ so gbogbo bẹ́líìtì rẹ̀, kẹ́ ẹ wá di èjìká jákẹ́ẹ̀tì náà mú, kẹ́ ẹ fà á sókè. Bó bá gòkè dé etí tàbí tó bo ẹnu ọmọ náà, ó ti tóbi jù, inú omi ló máa ti bọ́ lọ́rùn rẹ̀. Àwọn rọ́bà aláfẹ́fẹ́ tó dà bí pẹ́pẹ́yẹ, tí wọ́n ń tà láwọn ilé ìtajà, kò lè rọ́pò rẹ̀. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ ló máa gbé e kúrò létí omi, ọmọ á sì wà lórí rẹ̀. Nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń rìn, òfin Georgia ni pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13 gbọ́dọ̀ wọ jákẹ́ẹ̀tì. Èmi ò ní dúró de òfin, àgbà tí kò mọ̀wẹ̀ náà ni kó wọ̀ ọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ yan ẹnì kan. Kì í ṣe "gbogbo wa la ń wò wọ́n". Ẹnì kan pàtó, tí kò mutí, tí fóònù rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹlòmíì, tó máa wo omi fún ìṣẹ́jú ogún, kí ẹlòmíì tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó ń rì kì í pariwo bí a ṣe ń rí i nínú fíìmù. Ẹnu rẹ̀ wà nínú omi, kò ráyè mí, ká má tíì sọ pé kó kígbe.

Tẹ́ ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ lọ sí odò tó wà nísàlẹ̀ dáàmù, ìyẹn ọ̀tọ̀ ni. Ìsàlẹ̀ adágún ni omi ibẹ̀ ti ń wá, ó tutù nini nínú oòrùn oṣù Keje pàápàá, ó sì máa ń kún lójijì tí wọ́n bá tú u. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ fèrè, ẹ kúrò nínú odò lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró kó ẹrù.

Òru àti ojú ọjọ́

Ẹ má gbé èédú wọnú àgọ́. Ẹ má gbé sítóòfù gáàsì wọ̀ ọ́, ẹ má sì gbé jẹnẹrétọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Gbogbo wa la ti gbọ́ nílé nípa ìdílé tó sùn pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ lọ́dẹ̀dẹ̀ tí wọn ò jí mọ́. Èéfín aláìlóòórùn kan náà ni èédú ń tú jáde, bó ti wù kó rẹ̀yìn tó. Ìdẹwò láti gbé iná wọnú àgọ́ máa ń wá ní oṣù Kẹwàá, tí ọ̀sán bá móoru tí òtútù sì dé lóru. Òtútù yẹn, ilẹ̀ ló ti ń wá jù. Bẹ́ẹ̀dì aláfẹ́fẹ́ nìkan kò lè dá a dúró. Ẹ tẹ́ fóòmù tàbí bùláńkẹ́ẹ̀tì nípọn sórí rẹ̀ kẹ́ ẹ tó sùn.

Tapólì tí ẹ ń tẹ́ sábẹ́ àgọ́ kò gbọ́dọ̀ yọ síta. Tó bá yọ, òjò tó ń ṣàn lára àgọ́ á bọ́ sórí rẹ̀, á sì gba abẹ́ wọlé bá yín. Ẹ ká etí rẹ̀ sínú. Ẹ gbójú sókè kẹ́ ẹ tó kan èèkàn, kó má lọ jẹ́ pé ẹ̀ka gbígbẹ ló wà lókè orí yín. Ẹ sì pa àgọ́ náà lẹ́yìnkùlé yín lẹ́ẹ̀kan kẹ́ ẹ tó lọ, torí òkùnkùn kì í ṣe ìgbà téèyàn ń wá irin tó sọnù.

Ní àríwá Georgia, ààrá ọ̀sán kì í jìnnà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àgọ́ kò gbani lọ́wọ́ mànàmáná, bẹ́ẹ̀ ni àtíbàbà olórùlé tí kò ní ògiri kò gbani. Inú ọkọ̀ yín ni kẹ́ ẹ sá sí, ẹ ti fèrèsé rẹ̀, ẹ sì dúró síbẹ̀ títí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú á fi kọjá lẹ́yìn tí ẹ gbọ́ ààrá kẹ́yìn.

Igi, oúnjẹ àti ìmọ́tótó

Ẹ má gbé igi ìdáná láti ilé. Ó jọ ọ̀rọ̀ kékeré, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kòkòrò aláwọ̀ ewé kan tó wá láti Éṣíà, emerald ash borer, tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní Michigan lọ́dún 2002, ti pa ọ̀kẹ́ àìmọye igi ash ní Amẹ́ríkà. Kòkòrò náà kì í fò jìnnà púpọ̀. Abẹ́ èèpo igi ìdáná, nínú bùútù ọkọ̀ àwọn tó ń lọ pàgọ́, wà lára ohun tó gbé e rìn, ó sì dé Georgia lọ́dún 2013. Ẹ ra igi nítòsí ibùdó, kẹ́ ẹ jó o tán síbẹ̀.

Jọ̀lọ́ọ̀fù àti ẹran díndín kò gbọ́dọ̀ wà níta ju wákàtí méjì lọ; tí oòrùn bá ti kọjá 90°F, wákàtí kan ni. Ẹ fi ọbẹ̀ dì bí òkúta nílé, òun náà á máa ṣiṣẹ́ yìnyín nínú kúlà. Kúlà ohun mímu lọ́tọ̀, ti oúnjẹ lọ́tọ̀, torí àwọn ọmọ á ṣí ti ohun mímu ní ìgbà àìmọye, gbogbo òtútù rẹ̀ á sì jáde. Lálẹ́, ẹ kó gbogbo oúnjẹ wọnú ọkọ̀. Raccoon, ẹranko kékeré kan tó ń jẹ̀ lóru, mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ ṣí kúlà, ọ̀rá tí ẹ dà sílẹ̀ lẹ́yìn àgọ́ ló sì máa kọ́kọ́ pè é wá. Ẹ má fọ ẹran tàbí ìkòkò nídìí ẹ̀rọ omi tí gbogbo èèyàn ti ń pọn omi mu.

Ẹni tó bá ti pé ọdún 16 tó fẹ́ pẹja gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ Georgia. Orí fóònù lẹ ti lè rà á.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń padà bọ̀, ẹ má fi iyẹ̀pẹ̀ bo iná kẹ́ ẹ máa lọ. Ẹ̀yin iná á máa jó lábẹ́ rẹ̀ fún wákàtí púpọ̀, ọmọ aládùúgbò tó bá sì fi ẹsẹ̀ lásán tẹ̀ ẹ́ á jóná. Ẹ da omi sí i, ẹ rò ó, ẹ tún dà á, kẹ́ ẹ wá gbé ẹ̀yìn ọwọ́ yín sún mọ́ eérú náà. Tó bá ṣì gbóná, kò tíì tó àkókò láti lọ.