Fífi Ìkànnì Ayélujára Polówó Kéèkì Tí Ẹ Ń Ṣe Nílé

Àwòrán ló ń ta kéèkì kí ẹnikẹ́ni tó tọ́ ọ wò. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé lójú ọ̀sán, ẹ pa iná yàrá, ẹ sì fi aṣọ rírọ̀ nu ojú kámẹ́rà fóònù yín, nítorí ọ̀rá ọwọ́ máa ń mú kí àwòrán ṣú. Bí iná gílóòbù bá wà ní títàn, áísìn funfun á dà bíi pupa rúsúrúsú, bí ẹni pé ó ti pẹ́ nílẹ̀. Ẹ gé ègé kan kí inú rẹ̀ hàn. Ara tó dán kò tó. Inú tó rọ̀ ló ń mú itọ́ ṣà lẹ́nu.

Fún fídíò, ẹ gbé fóònù dúró lóòró. Ẹ fi ibi tí ọ̀bẹ ti ń wọ kéèkì bẹ̀rẹ̀, ẹ má fi ìkíni ṣíwájú.

Ọjọ́ kan péré ni Status WhatsApp máa ń lò. Nítorí náà, ẹ kó àwòrán, ìwọ̀n àti iye owó sínú kátálọ́ọ̀gì, ìyẹn àkójọ ọjà, tó wà nínú WhatsApp Business, áàpù WhatsApp tó wà fún àwọn oníṣòwò. Ẹ kọ iye owó síta o! Ẹni tó bá ní láti kọ́kọ́ béèrè lè kọjá lọ.

Bí oníbàárà bá fẹ́ rà, ẹ jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ tẹ orúkọ tí ẹ máa kọ sórí kéèkì, pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí tó fẹ́ gbà á. Àṣìkọ orúkọ máa ń dá ìjà sílẹ̀. Kí ìdajì owó tó wọlé, ẹ má po ìyẹ̀fun.