Bẹ́ ẹ ṣe lè mọ ìtumọ̀ orúkọ àwọn ará Kòríà látinú àmì tí wọ́n fi kọ ọ́

Ẹni tó bá ti ń wo fíìmù Kòríà tàbí tó ń gbọ́ orin wọn, kò ní pẹ́ táá fi fẹ́ mọ nǹkan tórúkọ ẹni tó fẹ́ràn túmọ̀ sí. Á wá kọ Ji-min sórí Google, ibì kan á ní ọgbọ́n ni, ibòmíì á ní ojú ọ̀run ni, àwọn kan á ní aráàlú ni, oníkálukú á sì máa fọwọ́ sọ̀yà pé tòun ló tọ̀nà. Kì í ṣe pé wọ́n ń purọ́ o. Ohùn nìkan ò lè sọ ìtumọ̀ orúkọ Kòríà féèyàn, àmì Hanja, ìyẹn àmì àwọn ará Ṣáínà tí wọ́n ń lò ní Kòríà, tí òbí fi kọ orúkọ náà nígbà tí wọ́n bímọ ló máa sọ ọ́, Ji-min méjì tó jókòó síbì kan náà sì lè máa jẹ́ orúkọ tó yàtọ̀ pátápátá síra wọn. Torí náà iṣẹ́ wa ò ju pé ká wá àmì yẹn rí, ká sì mọ bí wọ́n ṣe ń kà á.

Ẹ kọ́kọ́ ya orúkọ ìdílé sọ́tọ̀. Òun ló ń ṣáájú, sílébù kan ló sì sábà máa ń jẹ́: Kim, Lee, Park, Choi. Ìkànìyàn tí wọ́n ṣe ní South Korea ní 2015 fi hàn pé àwọn Kim nìkan lé ní 21 nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú lórí ìyẹn, pé àmì Kim jẹ́ wúrà tí ti Lee jẹ́ igi eléso kan ò sọ nǹkan kan nípa ẹni tó ń jẹ́ ẹ, ó bá a nílé ni. Sílébù méjì tó kù ni orúkọ àbísọ, ibẹ̀ lòbí ti ronú. Ẹ kàn ṣọ́ra torí àwọn oníròyìn òyìnbó máa ń yí i padà, ẹ lè rí Heung-min Son níbì kan kẹ́ ẹ rí Son Heung-min níbòmíì, ẹnì kan náà ni, Son lorúkọ ìdílé.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá bí wọ́n ṣe kọ orúkọ náà ní Hangul, ìyẹn álífábẹ́ẹ̀tì tí Ọba Sejong ṣe ní 1443 tó sì gbé jáde fáráàlú ní 1446. Ẹ má fo ibí yìí. Lẹ́tà òyìnbó tí wọ́n fi ń kọ orúkọ Kòríà máa ń tanni jẹ gan-an, oníkálukú ló ń kọ tiẹ̀ bó ṣe wù ú: Sun lè jẹ́ 선, ó lè jẹ́ 순, ohùn méjèèjì yàtọ̀ síra, àmì tó sì wà lábẹ́ wọn ò jọra rárá. Soo àti Su, 수 kan náà ni. Young tẹ́ ẹ̀ ń rí nínú Young-soo kì í ṣe ọ̀dọ́ tàbí èwe o, 영 ni, ohùn lásán ni.

Ibi tọ́rọ̀ wà gan-an ni Hanja. Kí Hangul tó dé, àmì àwọn ará Ṣáínà ni wọ́n fi ń kọ nǹkan ní Kòríà, kódà lẹ́yìn tí Hangul dé ó pẹ́ gan-an kí wọ́n tó fi í sílẹ̀, lóde òní Hangul ni wọ́n fi ń kọ ìwé ìròyìn àti ohun gbogbo, àmọ́ tó bá ti kan orúkọ èèyàn, Hanja ṣì wà ńbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí káàdì ìdánimọ̀ ọmọ South Korea, Hangul lorúkọ tó kọ́kọ́ wà níbẹ̀, Hanja á wá wà nínú àkámọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

Tó bá jẹ́ gbajúmọ̀ lẹ̀ ń wá, ẹ lọ sórí Wikipedia ti èdè Kòríà, kì í ṣe ti òyìnbó, ẹ fi Hangul wá orúkọ ẹ̀, ẹ wo ìlà àkọ́kọ́, nínú àkámọ́ tó tẹ̀ lé orúkọ yẹn lẹ ó ti rí àmì náà. Ẹ kọ́pì ẹ̀ lọ sínú atúmọ̀ èdè Hanja ti Naver, ìyẹn ìkànnì táwọn ará Kòríà fi ń wá nǹkan bíi Google. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kẹ́ ẹ máa wá a o, tẹ́ ẹ bá lẹ méjèèjì pọ̀ ó lè gbé ọ̀rọ̀ míì jáde fún yín. Ẹ jẹ́ ká fi Park Ji-min ti ẹgbẹ́ olórin BTS ṣe é, 朴智旻. 朴 ni Park, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ wá 智, ó máa gbé 지혜 지 wá. Ẹ wá 旻, ó máa gbé 하늘 민 wá. Ìtumọ̀ ló ń ṣáájú, ohùn á tẹ̀ lé e: ọgbọ́n, ji. Ojú ọ̀run, min. Báyìí làwọn ọmọ Kòríà ṣe ń kọ́ Hanja látayébáyé, wọ́n á máa ké e bí orin, 하늘 천, 땅 지, ọ̀run cheon, ilẹ̀ ji, tó fi jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá bi ẹnì kan lónìí pé Ji wo ló wà nínú orúkọ ẹ̀, "ji ti ọgbọ́n" ló máa sọ, ọ̀rọ̀ á sì ti yé ẹni tó bi í.

Bẹ́ ẹ bá ti ń ṣe é díẹ̀díẹ̀, ẹ ó rí i pé àwọn ohùn kan ló pọ̀ jù, àwọn àmì kan ló sì ń bá ohùn kọ̀ọ̀kan rìn. Ji lè jẹ́ 智 ọgbọ́n, 志 ohun téèyàn fọkàn sí, tàbí 知 kéèyàn mọ nǹkan. Min, tí kì í bá ṣe ojú ọ̀run, ó lè jẹ́ 民 aráàlú, ó sì lè jẹ́ 敏 ẹni tó já fáfá. Young, 永 ni títí láé, 榮 ni ògo, 英 ni òdòdó tàbí akọni. Hye ti 惠 jẹ́ oore-ọ̀fẹ́, ti 慧 jẹ́ òye. Jin, òtítọ́ ni 眞, ohun iyebíye ni 珍. Hee, ayọ̀ ni 喜, ìrètí ni 希, 熙 ni kí nǹkan máa tàn. Su ti ẹ̀mí gígùn wà, 壽, ti ẹni tó ta ẹgbẹ́ yọ náà wà, 秀. Ẹ ò ní láti há wọn sórí, ẹ kàn máa fọkàn sí i pé ohùn kan, àmì púpọ̀.

Tẹ́ ẹ bá ti rí ìtumọ̀ méjèèjì, ẹ má fipá so wọ́n pọ̀. Nígbà míì wọ́n máa ń so pọ̀ fúnra wọn: IU tó ń kọrin, Lee Ji-eun lorúkọ ẹ̀, 知恩, mímọ̀ àti oore, ẹni tó mọ oore nìyẹn, ó dùn mọ́ mi létí. Àmọ́ Kim Nam-joon tóun náà wà ní BTS, 南俊, gúúsù ni 南, 俊 ni ẹni tó ní ẹ̀bùn tó yọrí, àwọn kan á wá sọ pé akọni ilẹ̀ gúúsù, háà, ta ló sọ fún yín? Àmì rere méjì ni wọ́n tò síra wọn, ẹ sọ ìtumọ̀ wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kẹ́ ẹ sì dákẹ́. Èyí tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ni ti olórin tó ń jẹ́ G-Dragon, táwọn èèyàn rò pé orúkọ ìnagijẹ lásán ni, Kwon Ji-yong lorúkọ àbísọ ẹ̀, 志龍, 龍 yẹn sì ni dírágónì gan-an, Ji ló di G. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nílé ló túmọ̀ tó gbé lọ sórí ìtàgé.

Ibi tó tún yẹ kẹ́ ẹ wò ni orúkọ àwọn tí wọ́n jọ bí. Ilé la sáà ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, ọ̀pọ̀ ìdílé ní Kòríà ló sì ṣe tiwọn lófin: ìran kan á ní àmì kan tí gbogbo wọn jọ máa jẹ́, dollimja ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ni pé sílébù kan nínú orúkọ méjì yẹn, òbí ò yàn án, ó ti wà nínú ìwé ìdílé, jokbo, kí wọ́n tó bí ọmọ náà. Ẹ wo ọ̀gágun ojú omi tí wọ́n ń pè ní Yi Sun-sin, 舜臣. Sin, 臣, ni ìránṣẹ́ ọba. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ méjì ń jẹ́ Hui-sin àti Yo-sin, àbúrò ẹ̀ ń jẹ́ U-sin, àwọn ọba Ṣáínà ayé àtijọ́ tí wọ́n máa ń pìtàn wọn ni bàbá wọn sì fi ṣe ìdajì tó kù, Hui ti Fuxi, Yo ti Yao, Sun ti Shun, U ti Yu, wọ́n tẹ̀ léra wọn báwọn ọba yẹn ṣe tẹ̀ léra. Tẹ́ ẹ bá mú Sun-sin nìkan tẹ́ ẹ wá a nínú atúmọ̀ èdè, ẹ ò ní rí gbogbo èyí.

Ti àwọn tó ni Samsung tún wà ńbẹ̀, òun ni mo máa ń fi ṣàlàyé fáwọn èèyàn torí gbogbo ayé ló mọ̀ wọ́n. Lee Byung-chul ló dá a sílẹ̀. Àwọn ọmọ ẹ̀ ọkùnrin ń jẹ́ Maeng-hee, Chang-hee àti Kun-hee, 熙 ló gbẹ̀yìn orúkọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn ọmọ-ọmọ, Jae-hyun tó jẹ́ ọmọ Maeng-hee àti Jae-yong tó jẹ́ ọmọ Kun-hee, 在 ló ṣáájú orúkọ tiwọn. Ẹ wò ó, àmì tó wà lẹ́yìn nínú ìran kan ló bọ́ síwájú nínú ìran tó tẹ̀ lé e. Ó tún kù. Ẹ wo abẹ́ 熙 dáadáa, ẹ ó rí tóó mẹ́rin, iná nìyẹn, ẹ wá wo inú 在, ẹ ó rí 土, ilẹ̀. Nǹkan márùn-ún ni wọ́n máa ń tò yípo: igi, iná, ilẹ̀, irin, omi, ọ̀kan ló ń bí ìkejì, igi ń bí iná, iná ń bí ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ títí omi á fi bí igi padà, ọ̀pọ̀ ìdílé ló sì ń fi í yan àmì ìran wọn. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà, tó bá ti rí àmì ìran yẹn, á ti mọ̀ bóyá ẹgbẹ́ bàbá òun lẹni tó wà níwájú òun àbí ẹgbẹ́ àbúrò òun. Ọ̀pọ̀ òbí òde òní ti pa á tì ṣá, ọmọbìnrin ni ọ̀pọ̀ ìdílé ò tiẹ̀ kà mọ́ ọn tẹ́lẹ̀.

Ó wá ku ibi táwọn èèyàn ti máa ń ṣìnà. Kì í ṣe gbogbo orúkọ Kòríà ló ní Hanja. Ha-neul, ojú ọ̀run, Seul-gi, ọgbọ́n, I-seul, ìrì, Bo-ram, èrè iṣẹ́, ọ̀rọ̀ Kòríà pọ́ńbélé nìwọ̀nyí, Hangul nìkan ni wọ́n fi ń kọ wọ́n. Àmọ́ àwọn ará Ṣáínà ò lè fi Hangul kọ ìròyìn tiwọn, wọ́n á wá wá àmì tí ohùn ẹ̀ jọ ọ́ lẹ̀ mọ́ ọn. Kang Seul-gi ti ẹgbẹ́ olórin Red Velvet, 澀琪 ni wọ́n ń kọ ọ́ lọ́hùn-ún, tẹ́ ẹ bá wá lọ wá 澀 nínú atúmọ̀ èdè, ohun tó máa ń mú kí ẹnu èèyàn fún pọ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú lẹ máa bá níbẹ̀! Òbí ẹ̀ ò gbèrò ẹ̀ rí. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ pé Wikipedia Kòríà ni kẹ́ ẹ lọ, kì í ṣe ti Ṣáínà. Ìdí míì ni pé àwọn ará Ṣáínà ti gé ọ̀pọ̀ àmì kúrú, Kook tó wà nínú Jung-kook ti BTS, 國, orílẹ̀-èdè, 国 ni wọ́n ń kọ ọ́ báyìí. Àmì àtijọ́ ni Kòríà ń lò, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ fi ya tátù, ẹ jọ̀ọ́ ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa kí abẹ́rẹ́ tó kan ara.

Tẹ́ ẹ bá rí obìnrin àgbàlagbà tórúkọ ẹ̀ parí sí ja, bíi Young-ja tàbí Sun-ja, 子 nìyẹn, ọmọ, àsìkò táwọn ará Japan ń ṣàkóso Kòríà, 1910 sí 1945, ló gbòde, torí Japan náà ń fi àmì yẹn parí orúkọ obìnrin, ko ni wọ́n ń pè é. Àwọn tó ń bímọ báyìí ò fẹ́ gbọ́ ọ sétí.

Àwọn tó fẹ́ yan orúkọ Kòríà fúnra wọn ńkọ́, bóyá ẹ̀ ń kọ́ èdè náà tàbí ẹ̀ ń kọ ìtàn? Ẹ mú ohùn kọ́kọ́, kẹ́ ẹ tó mú àmì, torí ohùn làwọn èèyàn máa gbọ́. Ẹ pè é pọ̀ mọ́ orúkọ ìdílé sókè ketekete, torí ìdílé Im tó bá sọ ọmọ ní Sin, imsin ti di oyún nìyẹn. Àmì náà ò sì lè jẹ́ èyí tó kàn wù yín: láti 1991 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù ní South Korea ti ṣe ìwé àwọn Hanja téèyàn lè fi sọmọ lórúkọ, ó ti lé ní 9,000 báyìí, òbí tó bá mú èyí tí kò sí níbẹ̀, Hangul nìkan ni wọ́n máa kọ sílẹ̀ fún ọmọ náà. Àwọn òbí míì tún máa ń lọ sí jakmyeongso, ibi tí wọ́n ti ń sanwó fún ẹni tó mọ̀ nípa orúkọ, táá bi wọ́n ní ọdún, oṣù, ọjọ́ àti wákàtí tí wọ́n bí ọmọ, táá sì máa ka iye ìlà tí ọwọ́ máa fà nínú àmì kọ̀ọ̀kan. Tiyín ò le tó bẹ́ẹ̀. Àmì tó rọrùn ni kẹ́ ẹ mú, àwọn ọba Joseon, ìyẹn Kòríà ayé àtijọ́, nìkan ni wọ́n ń dìídì wá àmì tó ṣọ̀wọ́n fún, Sejong fúnra ẹ̀ ń jẹ́ Do, 祹, torí èèwọ̀ ni káráàlú kọ orúkọ ọba, tí wọ́n bá lọ sọ ọba ní àmì tó wọ́pọ̀, kí làwọn èèyàn fẹ́ máa fi kọ̀wé?

Tó bá jẹ́ ẹni tẹ́ ẹ mọ̀ lójúkojú, tí kò sí lórí Wikipedia, ẹ bi í léèrè: 이름에 한자 있어요? Ìyẹn ni pé ṣé Hanja wà nínú orúkọ yín? Ọ̀pọ̀ wọn á dáhùn tayọ̀tayọ̀, àwọn míì á ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́, wọ́n á ní kẹ́ ẹ dúró káwọn bi màmá àwọn. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti mọ ìtumọ̀ ẹ̀ tán, ẹ má torí ẹ̀ máa pe orúkọ yẹn mọ́ ẹni tó jù yín lọ lórí. Ẹ fi ssi, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń bọ̀wọ̀ fúnni, sí i lẹ́yìn, Ji-min-ssi, tó bá sì jẹ́ àgbàlagbà tàbí ọ̀gá, ipò ẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa pè, kẹ́ ẹ fi orúkọ àbísọ sílẹ̀ fáwọn tó bí i.